Bíréèkì Mọ́tò Mi, Ẹsẹ̀ Misbaudeen

Ìṣẹ́gun, 10 Júùnù 2025

A ká tapólì kúrò lórí mọ́tò lónìí. Ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti ṣáájú ààwẹ̀, imú rẹ̀ wọnú bí imú ẹni tó jẹ ẹ̀ṣẹ́. Omi òjò ti dúró sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí à ń kó ẹrù sí, ewé ti jẹrà sínú omi náà. Alángbá méjì sá jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ ká a. Misbaudeen ni. Ó fi ọ̀pá abíyá rẹ̀ rọra rìn láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ dé tèmi. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ló dúró mí. Ó ní ẹran Iléyá ti tán, àlejò ti lọ, kí ni a tún ń dúró dè? Ó ní láti ìgbà tí píkọ́ọ̀pù mi ti dákẹ́, pákó òun kì í dé ṣọ́ọ̀bù òun ní Ọjà'ba lásìkò mọ́. Àwọn tó ń bá òun kó o báyìí, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń wá. Mo ní mọ́tò náà ti gbó, kí a jẹ́ kí àwọn tó ń ra irin wá wò ó. Ó wò mí títí.

"Mumini, ìwọ ni mo mọ̀. Tún mọ́tò yìí ṣe."

Bàbá Màmúdù, mọ́gàjí wa, jáde wá ṣe àdúà sí i. Wọ́n tún sọ ohun tí gbogbo àdúgbò wa ní Bẹyẹrúnkà ń sọ láti oṣù kejì: pé Ọlọ́run ló lo ọwọ́ mi lọ́jọ́ tí bíréèkì já lórí òkè Mápó, pé ká ní mi ò yà bàrá lọ kọ lu ògiri ni, àwọn aláta tó pàtẹ sí ìsàlẹ̀ ní Bẹẹrẹ ì bá ti di ẹni àná. Mo ní Alihamudulilai.

Ẹ̀gbẹ́ ibi tí Misbaudeen jókòó sí ni ògiri náà fi gbà wá.

Ọjọ́bọ̀, 12 Júùnù

Ìyá Karimat yí àpótí rẹ̀ padà, ó kọ ẹ̀yìn sí mọ́tò, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní ṣé owó ìfẹ̀yìntì ni mo fẹ́ fi tún ohun tó fẹ́ sọ òun di opó ṣe. Mo ní Misbaudeen ló ní kí n ṣe é. Ó ní bí Misbau bá ní kí n bẹ́ sí kànga ń kọ́?

Karimat pè wá láti Òkè-Àdó lálẹ́. Ó ní mẹkáníìkì kan wà ní àdúgbò òun, obìnrin, Precious ni orúkọ rẹ̀, ó máa ń tẹ̀lé mọ́tò wá sílé. Mo ní kó ní kó máa bọ̀. Èmi fúnra mi ni ì bá máa ṣe é, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ilé ìwé ní iṣẹ́ irin àti igi. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ dá wà lábẹ́ mọ́tò yẹn.

Àbámẹ́ta, 14 Júùnù

Precious dé. Mo rò pé ọmọdébìnrin ni yóò jẹ́. Obìnrin tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún ni, ó wé gèlè kékeré mọ́rí kí irun rẹ̀ má baà kó gírísì. Apá Delta ni baba rẹ̀ ti wá, Òkè-Àdó ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo kọ́ lọ.

Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú: rédíétọ̀, iná, irin tó wọnú. Ó kọ̀.

"Dádì, ẹni tó bá ń tún ojú mọ́tò ṣe kó tó mọ ohun tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, àtíkè ló ń lẹ̀ mọ́ òkú lójú. Bíréèkì la ó kọ́kọ́ tú."

Misbaudeen tó jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ́rìn-ín, ó ní obìnrin náà gbọ́n. Mo ní kò burú.

Ajé, 16 Júùnù

Òjò láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. A ò fọwọ́ kan nǹkankan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òjò.

Ìṣẹ́gun, 17 Júùnù

Kò ju aago mọ́kànlá lọ tí Precious fi pariwo orúkọ mi lábẹ́ mọ́tò. Ó rá jáde, ó na páìpù tín-ín-rín kan sókè sí oòrùn.

Ó ní èyí ni páìpù tó ń gbé óìlì bíréèkì lọ sí táyà ẹ̀yìn lápá òsì. Ó ní ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ po, ó fi òòlù lù ú pa kí óìlì má baà jò níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà táyà mẹ́ta péré ló ń dá mọ́tò dúró. Pẹ̀lú ẹrù pákó, lórí òkè Mápó, páìpù iwájú tó ti gbó kò lè gbà á, ló bá bẹ́.

"Ta ló ṣe èyí?"

Misbaudeen na ọwọ́, ó gba páìpù náà. Ó ń yí i wò. Òun náà yíjú sí mi.

Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní àfi bó bá jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ògúnṣọlá ní Òjé, nígbà tí wọ́n yí bíréèkì ṣúù rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọ̀rọ̀ náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni pé mo ti há a sórí.

Èmi ni.

Mi ò tíì kọ ọ́ síbì kankan rí. Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kejì, mo rí óìlì lábẹ́ táyà. Mo ní tó bá di ọjọ́ kejì n ó lọ sí Àràrómì ní Géètì lọ ra páìpù tuntun. Mo tẹ èyí tó wà níbẹ̀ po, mo fi òòlù lù ú, mo da óìlì kún un. Lọ́jọ́ Ajé ara mi kò dá, mi ò lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Misbaudeen ní oníbàárà òun kan ní Bẹẹrẹ ń dúró de pákó. Mo tẹ bíréèkì wò nínú ọgbà, ó rì díẹ̀, ó sì mú. Mo ní kó wọlé.

Jímọ̀, 20 Júùnù

Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní í dúró síbi tí mo gbé e sí.

Hikmat, ìyàwó Misbaudeen, ló ń bọ́ ilé wọn láti oṣù kejì, àkàrà tó ń dín ní Ọjà'ba ni wọ́n fi ń jẹun, òun náà ni wọ́n fi ra oògùn. Ọkọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ páìpù fún un. Lánàá ó da epo tó wà lórí iná nù, ó gba Òjé lọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní kò bú Bàbá Ògúnṣọlá. Ó kàn dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù níwájú àwọn oníbàárà, ó ní, "Ẹsẹ̀ bàbá àwọn ọmọ mi wà lọ́rùn yín, Bàbá." Ó tún un sọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹni méjì ti wá wọ́ mọ́tò wọn kúrò níbẹ̀.

Wọ́n sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, lẹ́yìn ìrun. Ọ̀kan nínú wọn ní ká ní kì í ṣe ọwọ́ mi tó yá ni, ohun tí bàbá yẹn ṣe ì bá ti pa odindi ọjà. Mo wá bàtà mi títí mi ò rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú mi.

Ajé, 23 Júùnù

Iṣẹ́ ń lọ. Precious ti tú gbogbo páìpù àtijọ́ dànù. Tuntun ni gbogbo èyí tí a rà, kò sí tòkunbọ̀ nínú wọn. Ẹni tó tà á fún mi ní Àràrómì ní kí ni mo fẹ́ fi mọ́tò tó gbó bẹ́ẹ̀ ṣe. A ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ lórí bíréèkì mọ́ ọn, mọ́tò náà kò ní irú rẹ̀ rí. Òróró bíréèkì ìgò kan ti kọjá ẹgbẹ̀rún márùn-ún.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjókòó ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀. Orúnkún Misbaudeen kò ká mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fi irin sí i, kò sì sí bí yóò ṣe jókòó síwájú mọ́tò bó ṣe wà. Mo fúnra mi wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìdí dé gìgísẹ̀. Mo gé irin abẹ́ ìjókòó, wẹ́dà bá mi jó o padà sẹ́yìn, mo fi pákó pẹlẹbẹ kan sísàlẹ̀ tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé, mo fi fóòmù wé e. Mo de bẹ́líìtì tuntun mọ́ ọn. Iṣẹ́ náà dára. Mi ò tíì ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì.

A gbé Misbaudeen sínú rẹ̀ kó wò ó. Ó na ẹsẹ̀, ó gbé e lé pákó, ó fẹ̀yìn tì. Ó ní láti oṣù kejì, ibi àkọ́kọ́ tí òun jókòó sí tí kò dun òun nìyí. Ó ṣàdúà fún mi gan-an: kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ mi rọ.

Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo ní mo fẹ́ pọn omi.

Ọjọ́rú, 25 Júùnù

Bàbá Ògúnṣọlá wá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá láti Òjé, wọ́n sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọn ò jẹ́ kí Ìyá Karimat gbé omi fún wọn. Wọ́n bi mí bóyá a lè dúró síbi tí kò sí ènìyàn, mo mú wọn lọ sẹ́yìn mọ́tò.

Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹni tí mẹkáníìkì bá ba mọ́tò rẹ̀ jẹ́ a máa bínú. Ìyàwó Misbau bínú, ó wá bá mi. Misbau fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni mọ́tò, mo retí yín títí, ẹ ò wá."

Mo wo ilẹ̀.

"N kò wá bá yín jà. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo kàn ní kí ẹ rí mi sójú."

Wọ́n na ọwọ́ fọwọ́ pa irin tí Precious ti nà jáde níwájú, wọ́n ní ó mọ iṣẹ́. Wọ́n sì lọ. Mo fẹ́ pè wọ́n padà. Mo padà sídìí ìjókòó mọ́tò.

Ọjọ́bọ̀, 26 Júùnù

Ìyá Karimat rí oúnjẹ tí mi ò fọwọ́ kàn, ó ní ṣé ọkà ni kò dára ni àbí ọbẹ̀.

Àbámẹ́ta, 28 Júùnù

Mo gbọ́ pé ọmọ Bàbá Ògúnṣọlá obìnrin ti ní kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Precious ló sọ fún mi, àwọn mẹkáníìkì mọ ọ̀rọ̀ ara wọn. Ó ń fa atẹ́gùn jáde nínú páìpù bíréèkì nígbà tó ń sọ ọ́, èmi ni mò ń bá a tẹ̀ ẹ́ láti inú mọ́tò. Tẹ̀ ẹ́. Dì í mú. Fi í sílẹ̀. Tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ní kí n fi í sílẹ̀, ó bi mí bóyá ó rẹ̀ mí.

Ìṣẹ́gun, 1 Júláì

Mo ti sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ ni. Precious ti lọ. Misbaudeen wà lórí bẹ́ńṣì, ó ń jẹ àgbàdo sísun, ó ní ẹyọ kan ti di ọ̀ọ́dúnrún náírà, ó ya èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí méjì, ó sì na ìlàjì rẹ̀ sí mi. Mi ò lè gbà á. Mo ní, "Èmi ni mo tẹ páìpù yẹn po."

Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń sọ ti tuntun. Mo ní rárá, ti àtijọ́. Mo ní ọwọ́ Bàbá Ògúnṣọlá kò kàn án.

Ó gbé àgbàdo náà lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ Àìkú."

"A gbéra lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O mọ̀ ọ́n, o sì ní kí n wọlé."

Mo ní mo tẹ̀ ẹ́ wò, ó mú. Bí mo ti sọ ọ́ ni mo mọ̀ pé ó yẹ kí n pa á mọ́ra. Kò wò mí mọ́. Ó wá ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá a mú un, ó ní kí n fi í sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó pẹ́ kó tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ogún ìṣísẹ̀ yẹn, mo dúró títí ó fi rìn ín tán, mi ò sì lè ràn án lọ́wọ́.

Ọjọ́rú, 2 Júláì

Mo sọ fún Ìyá Karimat kí ó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu Hikmat. Ó jókòó sílẹ̀. Ó bi mí ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé yìí, ó ti ń rí mi. Mo sọ fún un.

"Ìwé lẹ kọ́kọ́ sọ fún."

Ó gbé oúnjẹ fún mi bó ṣe máa ń gbé e, ó bò ó, ó sì lọ sùn.

Jímọ̀, 4 Júláì

Kí n tó kírun mo lọ sí Òjé. Bàbá Ògúnṣọlá ń kó sípánà sínú àpò. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù níbi tí Hikmat dúró sí, mo sì sọ ọ́ sókè kí àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ gbọ́: èmi ni, kì í ṣe wọ́n, irọ́ ni mo pa mọ́ wọn. Bàbá kò ní kí n dìde, wọn ò sì ní kí n má dìde. Wọ́n ń ka sípánà. Nígbà tó yá wọ́n ní kí n máa lọ kírun, pé aago kan ti fẹ́ lù.

Lẹ́yìn ìrun mo bẹ àwọn ènìyàn wa kí wọ́n dúró, mo tún un sọ. Ibi tí mo rò pé wọn ó ti ké lé mi lórí, àánú ni wọ́n fi gbà mí. Wọ́n ní kádàrá ni. Bàbá Màmúdù ní ohun tó bá máa ṣẹlẹ̀ kò ní í yẹ̀, pé àwọn aláta ṣáà ṣì wà láàyè. Gbogbo wọn ń ṣe àmín. Misbaudeen kò sí níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti dárí ẹsẹ̀ rẹ̀ jì mí. Ó dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

Ọjọ́rú, 9 Júláì

Mọ́tò ti parí. Precious kó àpò yanrìn ogún sẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí n wa òun gba àwọn òkè tó wù mí. Mọ́tò dúró níbi tí mo bá ní kó dúró. Ó dúró nínú omi. Ó dúró nígbà tí ewúrẹ́ kan já lu wá. Irin iwájú gún, iná rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀dà búlúù tí a fi kùn ún ń dán.

Precious kò bi mí ní ìbéèrè kankan nípa ohun tó ti gbọ́. Nígbà tó ń fọ ọwọ́, ó kàn ní kí n máa wo abẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí mo bá sì rí ohunkóhun, kí n pe òun, òun ó wá lọ́jọ́ náà. Mo ní mo gbọ́.

Ibi tí inú ènìyàn ti yẹ kó dùn nìyí.

Àìkú, 13 Júláì

Mo wo abẹ́ mọ́tò. Ó gbẹ.

Mo fẹ́ gbé Ìyá Karimat lọ kí Karimat. Ó wo ìjókòó tí mo gbé sẹ́yìn àti pákó ibi tí ẹsẹ̀ ń wà, ó ní òun ò ní jókòó síbẹ̀, ibẹ̀ ní ẹni tó ni ín. Ó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ. Bẹ́ńṣì Misbaudeen ṣì wà níbi tó fi í sí, kò sẹ́ni tó gbé e wọlé. Ọjọ́ kejìlá nìyí tí a ti jọ ń gbé ọgbà kan tí a ò kí ara wa.

Mo gbọ́ pé Bàbá Ògúnṣọlá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù padà. Ọ̀kan nínú mọ́tò méjèèjì ti padà síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17 Júláì

Misbaudeen kan ilẹ̀kùn mi ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ó wọ jálàbíà funfun, ó dé fìlà. Hikmat wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ìgò oyin kan dání. Kò kí mi.

"Gbé wa lọ sí Òjé. A fẹ́ lọ bẹ Bàbá Ògúnṣọlá."

Mo sáré lọ mú kọ́kọ́rọ́. Hikmat kọ̀ láti bá wa jókòó síwájú. Ó gun ẹ̀yìn, ó jókòó sórí àpò yanrìn tó ṣẹ́kù. Misbaudeen gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé pákó fúnra rẹ̀. Ó so bẹ́líìtì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Òjò ti rọ̀ lóru, ọ̀nà sì ń yọ̀. Mo rọra ń wa mọ́tò bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Mi ò wo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì tí kò fara pa. Gbogbo ibi tí mo bá ti tẹ bíréèkì, òun náà á tẹ ilẹ̀ mọ́tò pẹ̀lú mi. Ní Bẹẹrẹ, ọlọ́kadà kan bọ́ síwájú wa lójijì, àwa méjèèjì la jọ tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò dúró. Mo gbọ́ bó ṣe mí jáde.

Nígbà tí a dé Òjé, Bàbá Ògúnṣọlá ti rí wa lókèèrè, wọ́n ti gbé àga kan síta. Mo bọ́ sílẹ̀, mo yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ Misbaudeen, mo ṣí ilẹ̀kùn. Ó ti fẹ́ ki ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ àti óìlì ló wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pá náà ń rì. Ó fà á yọ, ó nà án sí ìyàwó rẹ̀.

Ó ní, "Kì í ṣe pé mo ti dárí jì ọ́ o, Mumini. Ọ̀nà ló jìn sí mi."

Mo ní mo mọ̀.

Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Mo rò pé yóò kàn fi ìka kàn mí ni, bí ènìyàn ṣe ń fi ọwọ́ kan ògiri kọjá. Gbogbo ara rẹ̀ ló gbé lé mi. Bàtà mi rì sínú ẹrẹ̀, mo sì dúró.